Ṣé ìyán ló ń mú wa sanra ni? Ọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń sá fún kábù

Télọ̀ tó máa ń ránṣọ fún àbúrò mi obìnrin, lẹ́yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi gbé gáùn léèsì rẹ̀ padà lọ pé kí wọ́n bá òun rán an wọlé, pé òun ti já kílò 3 láàárín ọjọ́ mẹ́jọ péré, ìyá náà kàn na téèpù yí i níbàdí, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ méjèèjì, ó ní, "Ẹ kú oríire o, Àǹtí." Ìsìnkú àgbà kan ló ń bọ̀ ní ìlú Oǹdó, aṣọ ẹbí ti jáde, àbúrò mi sì ti pinnu pé òun ò ní wọ léèsì ọ̀hún kí òun dà bíi mọ́ínmọ́ín tí wọ́n pọ́n sínú ewé tó kéré jù.

Mo bi í pé kí ló lò. Ó ní òun ò lo nǹkan kan, òun fi kábù sílẹ̀ ni. Kò síyán, kò sẹ́bà, kò sí ìrẹsì, kò sí búrẹ́dì. Bọ̀ọ̀lì tí wọ́n ń sun lójú títì Arákàlẹ̀, ṣe ló ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì bó bá ń kọjá. "Bọ̀ọ̀dá mi, kábù ló ń múni sanra. Bí ẹ bá ti já a sílẹ̀, ṣe ni ọ̀rá ara á máa yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sóòrùn."

Láti Alágbàká títí dé ẹnu ọ̀nà FUTA, kò síbi tí wọn kì í ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Kì í sì í ṣe irọ́ tán, òun ló jẹ́ kó ṣòro láti bá ẹni tó ń sọ ọ́ jiyàn. Ẹni tó fi kábù sílẹ̀ máa ń já kílò lóòótọ́, ó sì máa ń tètè já a. Ibi tí àṣìṣe wà ni ohun tí a rò pé ó jáde lára, àti ohun tó lé e jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú kílò 3 yẹn. Kábọháídíréètì, tí gbogbo wa ti gé kúrú sí kábù, ló pọ̀ jù nínú iṣu, gààrí, ìrẹsì, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣúgà fúnra rẹ̀, kábù ni. Bí a bá jẹ ẹ́, ara á sọ ọ́ di ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí kò bá lò lójú ẹsẹ̀, á kó díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti inú iṣan. Glycogen ni wọ́n ń pe ohun ìpamọ́ náà. Àká yìí kò tóbi: ti ẹ̀dọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 100, ti iṣan lè tó 400. Ṣùgbọ́n glycogen kì í gbé inú àká ní gbígbẹ. Ẹni tó bá ti rẹ gààrí rí mọ bó ṣe ń rí, gààrí díẹ̀ á mu omi, á wú, abọ́ á kún. Gíráàmù glycogen kan máa ń di omi tó tó gíráàmù 3 mọ́ra. Nígbà tí kábù ò bá wọlé mọ́, ara á kọ́kọ́ ná èyí tó wà ní ìpamọ́, omi tó dì mọ́ ọn á sì bá ìtọ̀ lọ. Gíráàmù 500 pẹ̀lú omi rẹ̀ ti di kílò 2. Ẹ fi omi àti iyọ̀ tí kíndìnrín tún ń dà nù lásìkò náà kún un, ẹ fi oúnjẹ tí kò sí nínú ìfun mọ́ kún un, kílò 3 ti pé. Ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀ lè má tó kílò kan.

Abájọ tí àbúrò mi fi ń jí lóru lọ tọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní ìdọ̀tí ara ló ń jáde. Omi ẹ̀bà àná ni.

Omi yìí mọ̀nà ilé. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ méjì gbààwẹ̀ kábù, tó wá jẹ ìyán lọ́jọ́ Àìkú, tó gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á rí kílò kan tàbí méjì tó ti padà dé, á sì kígbe pé, "Ẹ ò rí i? Ìyán gan-an lọ̀tá mi!" Ìyán ò ṣe é ní nǹkan kan. Kí kílò kan ọ̀rá tó so mọ́ni lára, èèyàn á ti jẹ kálórì (ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ) tó lé ní 7,000 kọjá èyí tí ara rẹ̀ ń lò. Ta ló lè jẹ ìyẹn mọ́jú?

Àṣìṣe kejì pani lẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wà ní búkà kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin tó wà níwájú mi lórí ìlà ní, "Ẹ má bu òkèlè fún mi o, mi ò jẹ kábù mọ́. Ẹ̀fọ́ ni kí ẹ bù, kí ẹ fi ẹran mẹ́rin, ṣàkì méjì àti pọ̀ǹmọ́ sí i." Wọ́n bu ẹ̀fọ́ rírò náà, epo rẹ̀ ṣàn lọ sétí àwo, ó dúró síbẹ̀, ó ń dán. Obìnrin náà jókòó, ó ní kí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ bá òun mú mọ́ọ̀tì tútù kan wá. Ọkà ni wọ́n fi ń ṣe mọ́ọ̀tì, ṣúgà inú rẹ̀ kò sì kéré. Kábù tó sá fún nínú àwo ló gbà lẹ́nu ìgò. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mo bá panu mi dé.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń sọ pé òun ti fi ìyán sílẹ̀ bọ́ sórí wíìtì. Àlìkámà ni wíìtì. Àlìkámà náà sì ni sẹ̀mó. Nínú gíráàmù 100 ìyẹ̀fun àlìkámà, ó lé ní 70 tó jẹ́ kábù. Ohun tí wíìtì fi sàn díẹ̀ ni fáíbà (apá oúnjẹ tí inú wa kì í lè dà) tó wà nínú èèpo rẹ̀, bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ mọ́ èèpo; sẹ̀mó ti bọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú èèpo náà sílẹ̀. Ẹni tó bá ro wíìtì tó tó orí ọmọ ọwọ́ ti jẹ òkèlè ńlá. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, kábù ni. Púpurú àwọn ará Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, kábù ni. Ẹ̀wà tí kò sẹ́ni tó ń bú ńkọ́? Nǹkan bí gíráàmù 60 nínú 100 ẹ̀wà gbígbẹ, kábù ni. Bí a bá fẹ́ sá fún un délẹ̀délẹ̀, àfi ká sá fún ẹ̀wà, ká sá fún ọsàn, ká sá fún ìbẹ́pẹ.

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde lórí kábù ní 2023, wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni já a sílẹ̀. Ibi tó ti ń wá ni wọ́n tẹnu mọ́: ọkà tí wọn ò bó èèpo rẹ̀ dànù, ewébẹ̀, èso, ẹ̀wà àti àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n ní kí àgbàlagbà jẹ ewébẹ̀ àti èso tó tó gíráàmù 400 lójúmọ́, ó kéré tán, kí fáíbà tó ń jẹ sì tó gíráàmù 25.

Àwọn tó ń polówó kẹ́tò, ìyẹn oúnjẹ tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ tí kábù ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀, máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n rí i. Ó ti pẹ́. William Banting, ará London, iṣẹ́ rẹ̀ ni ká máa ṣètò ìsìnkú fún àwọn ọlọ́lá (ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń náwó òkú ní Oǹdó á mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kébi pani). Ó sanra débi pé kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà rẹ̀. Dókítà tó ń wo etí rẹ̀ ló ní kó yé jẹ búrẹ́dì, ṣúgà àti pòtétò, kó sì yé mu bíà. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, ó já ju kílò 20 lọ, ó sì tẹ ìtàn náà jáde ní 1863. Ẹ tún wo àwọn ohun tó jáwọ́ nínú wọn. Bíà wà níbẹ̀, ṣúgà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá já méjèèjì sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ lónìí á fọn, ì báà máa jẹ ìyán lálaalẹ́.

Kẹ́tò gan-an, èyí tó le jù, ìtọ́jú wárápá ni wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ní Amẹ́ríkà ní 1921. Títí dòní, ilé ìwòsàn ṣì ń lò ó fún àwọn ọmọdé kan tí oògùn wárápá ò ràn, dókítà àti onímọ̀ oúnjẹ á sì máa ṣọ́ wọn. Báwo ló ṣe wá di oúnjẹ aṣọ ẹbí? Ẹ bá mi bi WhatsApp.

Èyí tó bá wa yanjú ẹjọ́ náà jù lọ lójú tèmi ni ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford, ní California, gbé jáde ní 2018. Èèyàn 609 tó sanra ni wọ́n pín sọ́nà méjì fún odidi ọdún kan: àwọn kan ń dín kábù kù, àwọn yòókù ń dín ọ̀rá kù. Wọ́n sọ fún tọ̀tún tòsì pé kí wọ́n máa jẹ ewébẹ̀ púpọ̀, kí wọ́n yàgò fún ṣúgà àti ìyẹ̀fun funfun, kí wọ́n sì máa dáná nílé. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ka kálórì. Nígbà tí ọdún yí po, àwọn tó dín kábù kù ti já kílò 6.0 ní ìpíndọ́gba, àwọn tó dín ọ̀rá kù já 5.3. Ìyàtọ̀ àárín wọn ò tó ohun tí a lè torí rẹ̀ lulù. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn kan já ju kílò 20 lọ, àwọn kan sì sanra ju bí wọ́n ṣe wá lọ. Ọ̀nà tí èèyàn lè tọ̀ pẹ́ ló yàtọ̀ síra, kì í ṣe pé kábù lẹ́bi.

Kí ló wá dé tí ẹni tó dín kábù kù fi ń fọn? Oúnjẹ rẹ̀ ló dín kù. Bó bá ti ní òun ò jẹ kábù, búrẹ́dì lọ, ṣinṣín lọ, dónọ́ọ̀tì lọ, mínírà lọ, ìrẹsì àríyá lọ. Ẹran, ẹja àti ẹyin tó sì rọ́pò wọn máa ń pẹ́ nínú, ebi kì í tètè padà. Kálórì ti fò lọ láìsẹ́ni tó kà á. Bí ó bá wá jẹ́ pé epo ló fi dípò wọn, èrè rẹ̀ lè di òfo. Gíráàmù kábù kan ní kálórì 4. Ti ọ̀rá jẹ́ 9. Ṣíbí ńlá ìjẹun kan tí epo pupa kún ní kálórì bíi 120, gíráàmù 100 iṣu sísè náà sì ní nǹkan bí iye yẹn. Bí epo tó dúró létí àwo obìnrin búkà ọjọ́sí bá tó ṣíbí mẹ́ta, ó ti jẹ iṣu gíráàmù 300 láìfọwọ́ kan iṣu.

Àwọn ọkùnrin ní tiwọn á ní, "Bàbá wa jẹ ìyán dàgbà, wọn ò sanra." Bàbá wa ń ti oko kòkó bọ̀. Ìwọ ń ti orí àga ọ́fíìsì bọ̀, o sì gun ọ̀kadà láti gééètì dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn kan wà tí dídín kábù kù wúlò fún gan-an, pàápàá àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà irú kejì, nítorí kábù ló máa ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè jù nínú oúnjẹ. Àwọn gan-an ni kò sì gbọdọ̀ dá a ṣe. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tàbí tó ń lo glibenclamide tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, tó ṣàdédé yé jẹ òkèlè, oògùn náà á ṣì máa fa ṣúgà wálẹ̀ bí ẹni pé ó jẹun. Òógùn tútù á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú á ṣú, ó sì lè dákú. Kó kọ́kọ́ rí dókítà, kí wọ́n tún oògùn náà wọ̀n. Aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́, kí wọ́n má tilẹ̀ dán an wò.

Àbúrò mi náà gbìyànjú o. Ó lọ kábéèjì, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó fi lúbúlúbú kan tó ń yọ̀ dì í, ó rò ó lórí iná. Ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún méje gé òkèlè kan, ó tì í bọ ọbẹ̀, ó gbé e mì, ó wá wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n ṣe ìkómọ kan ní Ìjàpọ̀, ìyán dé, ó tutù lójú, ẹ̀gúsí gbá a mú. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ìyán padà sílé rẹ̀ báyìí, ó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀fọ́ ló gba ààyè tó kù nínú àwo. Ṣíbí ni wọ́n fi ń wọn epo. Mínírà kì í wọ fíríìjì rẹ̀ mọ́. Bó ṣe ń já kílò falẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ń kùn, ṣùgbọ́n èyí tó bá lọ kì í padà pẹ̀lú àwo ìyán kan.

Léèsì yẹn ńkọ́? Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìsìnkú Oǹdó wáyé, síìpù rẹ̀ kọ̀, kò gòkè. A gbé e padà sọ́dọ̀ télọ̀ lálẹ́, àbúrò mi ti fẹ́ sunkún, ó rò pé wọ́n ti gé aṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù. Ìyá náà yí gáùn sódì, ó fi abẹ́ tú ojú rírán lọ́tùn-ún, ó tú u lósì. Aṣọ tó kù nínú wà níbẹ̀ bó ṣe wà. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí," ó ní. "Àwọn tó ń gbé e wá kí n rán an wọlé ṣáájú ìnáwó pọ̀. N kì í gé e."