Olùdámọ̀ràn Lórí Àbùdá Kì í Ṣe Ẹni Tó Ń Tú Àfẹ́sọ́nà Ká

Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá fẹ́ ṣègbéyàwó, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ síra wọn létí: "Ẹ má débẹ̀ o, wọn á ní kí ẹ pínyà ni." Ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn lórí jẹ́nótáìpù ni wọ́n ń sọ. Àwọn mìíràn rò pé iṣẹ́ náà ò ju kíka ìwé àyẹ̀wò lọ: AS pàdé AS, kò ṣeé ṣe, ó parí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ rí, títí di ọjọ́ tí mo sin ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ síbẹ̀.

AS lòun, AC sì ni ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́. Inú gbogbo wa ń dùn pé kì í ṣe AS méjì, kò séwu. Màmá rẹ̀ ló fàáké kọ́rí pé kí wọ́n ṣáà lọ.

Obìnrin tí a bá níbẹ̀ kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìwé. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti gbọ́, àti èyí tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù nínú rẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wọn lára láìpẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè da èsì àyẹ̀wò rú. Ó ya ìdílé wọn sórí bébà, látorí bàbá àgbà dórí ọmọ tó kú ní kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ dárúkọ. Lẹ́yìn náà ló mú ẹyọ owó méjì jáde látinú dúrọ́ọ̀. Ó ti kọ A sí ojú kan èyí àkọ́kọ́, S sí ojú kejì. Èkejì ní A àti C. Ó ní kí ọkùnrin náà jù wọ́n sórí tábìlì.

A àti A ló jáde. Ó tún un jù, ó di S àti C. Ó tún un jù lẹ́ẹ̀kan sí i, S àti C náà ni.

"Ọmọ SC nìyẹn," ni obìnrin náà wí. Fòníkú-fọ̀ladìde ni SC pẹ̀lú. Ó sábà máa ń fúyẹ́ ju SS lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń bá ojú àti eegun ìbàdí jà. Ó wá fi kún un pé: "Ewu rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìyẹn túmọ̀ sí pé tí ọmọ kan bá ti ní in, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Owó yìí ò mọ̀ pé òun ti jáde bẹ́ẹ̀ rí." Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ju owó tirẹ̀.

Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìyẹn. Sarah Lawrence College ní ìpínlẹ̀ New York ló kọ́kọ́ dá ẹ̀kọ́ másítà sílẹ̀ fún un, ní ọdún 1969. Ọdún méjì ló ń gbà. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ àbùdá gan-an: kírómósómù, bí a ṣe ń ṣírò ewu, bí a ṣe ń ka èsì láábù. Apá kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ: bí a ṣe ń gbọ́ni lágbọ̀ọ́yé, bí a ṣe ń dákẹ́ nígbà tí ẹni tó wà níwájú wa bá ń sunkún. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jókòó ti aláìsàn lójú olùkọ́ kó tó dá dúró, lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ìdánwò tó kárí gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹni tó gba Ph.D. nínú ìmọ̀ àbùdá ènìyàn ń gba ọ̀nà tirẹ̀: ó lè lo ọdún márùn-ún lórí ìbéèrè kan ṣoṣo nínú láábù, kó tún lo ọdún mélòó kan sí i lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn. A nílò àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ò lè jókòó sí àga èkejì láìkọ́ ọ.

Kí ló dé tí àwọn olùdámọ̀ràn yìí kì í pàṣẹ fúnni? Ìtàn burúkú ló fà á. Ní 1927, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé ìjọba lè fipá mú ẹni tí wọ́n bá pè ní aláìpé kó má bímọ mọ́. Ní 1933, àwọn Nazi ní Jámánì ṣe òfin tiwọn. Nígbà tí Sheldon Reed, onímọ̀ àbùdá kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, fún iṣẹ́ yìí lórúkọ ní 1947, ó fẹ́ kí ó jìnnà sí irú ìwà yẹn. Ìdí rèé tí olùdámọ̀ràn tó kọ́ṣẹ́ fi máa ń sọ òtítọ́ tán, tí yóò sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún ẹni tó ni ayé rẹ̀.

Ó dá mi lójú pé ibi tí àṣìṣe wa ti wá ni pé ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ìwé àyẹ̀wò ni wọ́n ń gbà, wọ́n á sì sọ pé àwọn ò lè so yín pọ̀. Àánú ló ń ṣe wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìdámọ̀ràn. Orílẹ̀-èdè tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ti jẹ́ AS nílò àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí ju báyìí lọ. Sickle Cell Foundation tó wà ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ dìgírì másítà lè lọ sí Johannesburg tàbí Cape Town.

Kí a tó dìde lọ́jọ́ náà, obìnrin yẹn ṣàlàyé àyẹ̀wò tí a lè ṣe nígbà tí oyún bá ti lé ní oṣù méjì, àti bí wọ́n ṣe ń yan ọlẹ̀ tí kò ní àìsàn náà ní láábù kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ. Ó sọ iye tó ń ná èèyàn láìfi bò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi wá bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n fẹ́ ẹ?"

Kò dá a lóhùn. Ọkùnrin náà ló kọjú sí: "Nígbà tí S àti C jáde lẹ́ẹ̀kejì, ẹ káwọ́ kúrò lórí tábìlì. Kí lẹ̀ ń rò?"

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó lé ní wákàtí kan ká tó kúrò níbẹ̀.