Fóònù aláìlókùn ọlọ́mọ púpọ̀

Fóònù aláìlókùn ọlọ́mọ púpọ̀ ni fóònù ilé tó ní ẹ̀rọ ìyá kan tí a so mọ́ láìnì fóònù, pẹ̀lú ọmọ (fóònù tí a ń gbé dání) méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ ìyá nìkan ló ń wá ihò láìnì. Iná tí yóò fi ṣájì ni gbogbo ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́, nítorí náà ó lè wà ní yàrá, ní ilé ìdáná tàbí lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbikíbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì lè fi ẹ̀kẹta kún un lẹ́yìn ọdún kan láìpe ẹnikẹ́ni wá fa wáyà.

Ìpolówó sábà máa ń gbé ọmọ síwájú: bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó, bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìyá ló yẹ kí ẹni tó ń rajà kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òun ló ń pinnu iye ọmọ tí ilé lè ní, irú ìgbì tí wọn yóò máa lò, àti bóyá ọmọ tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe lè bá wọn gbé. Ọmọ tó bàjẹ́ ṣeé pààrọ̀. Bí ìyá bá kú, gbogbo ilé ló dákẹ́.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Ní 1969, wọ́n fún George Sweigert, ọmọ Amẹ́ríkà, ní ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí èèyàn fi rédíò sọ̀rọ̀ lórí láìnì fóònù láìfa okùn. Àwọn fóònù aláìlókùn tó wọ ilé aráàlú ní àwọn ọdún 1980 kì í sọ ohùn di nọ́ńbà. Bí ohùn ṣe jáde lẹ́nu ni wọ́n ṣe ń fọ́n ọn sáfẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ní rédíò tó lè gba ìgbì yẹn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ketekete. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sún lọ sí ìgbì 900 MHz, 2.4 GHz àti 5.8 GHz. Ti 2.4 GHz ló fa wàhálà jù, nítorí ibẹ̀ náà ni Wi-Fi àti máíkíróweefù inú ilé ìdáná ń lò: ẹnìkan ń mú oúnjẹ gbóná, ẹni tó wà lórí fóònù ń gbọ́ ariwo.

ETSI, àjọ tó ń gbé ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ kalẹ̀ ní Yúróòpù, gbé DECT jáde ní 1992, ìlànà fún fóònù aláìlókùn tó ń sọ ohùn di nọ́ńbà. Òun ló gbòde títí dòní. Amẹ́ríkà ṣí àyè ìgbì sílẹ̀ fún un ní 2005, orúkọ tí wọ́n sì fi ń tà á níbẹ̀ ni DECT 6.0. Nọ́ńbà 6.0 yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Kì í ṣe ẹ̀dà kẹfà, kì í sì í ṣe ìgbì 6 GHz. Orúkọ ọjà lásán ni.

Ìgbì rẹ̀ àti ibi tí a ti rà á

Ní Yúróòpù, 1880 sí 1900 MHz ni DECT ń lò. Ní Amẹ́ríkà, 1920 sí 1930 MHz ni. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ẹni tó fẹ́ gbé fóònù rẹ̀ rìnrìn àjò, tàbí tó fẹ́ rà á láti òkè òkun nítorí pé ó dínwó. Ìgbì tí DECT 6.0 ń lò jẹ́ ti àwọn ilé iṣẹ́ fóònù alágbèéká ní Yúróòpù. Ìgbì DECT ti Yúróòpù náà sì bọ́ sínú ti alágbèéká ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá tan èyí tí kò yẹ ń dí wọn lọ́wọ́, òfin kò sì gbà á láyè. Ọmọ tí a rà ní apá kan kò ní mọ ìyá tí a rà ní apá kejì, bí orúkọ tó wà lára wọn tilẹ̀ jọra.

Bí ọmọ púpọ̀ ṣe ń bá ìyá kan sọ̀rọ̀ láìforí gbárí rọrùn láti lóye. DECT ti Yúróòpù pín àyè rẹ̀ sí ọ̀nà 10. Lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wọ́n gé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá sí ègé 24: ìyá a sọ tirẹ̀ nínú 12, ọmọ a fèsì nínú 12 tó kù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ àyè 120 fún ìjíròrò. Ti Amẹ́ríkà kò ju ọ̀nà 5 lọ, ìyẹn àyè 60. Fóònù fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ èyí tó ṣófo, á sì bọ́ sí òmíràn bí ti àkọ́kọ́ bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò sì ní mọ̀.

Iye ọmọ

Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára páálí pé ẹ̀rọ kan gba ọmọ 5, àwọn tó wà nínú páálí wà lára iye náà. Ẹni tó ra páálí ọlọ́mọ mẹ́ta kò ní lè fi ju méjì kún un mọ́. Àwọn ìyá tó wọ́pọ̀ máa ń gba ọmọ 4 sí 6. Àwọn kan dé 12. Ká gba ọmọ púpọ̀ sílé kò sọ pé gbogbo wọn lè pe ìta lẹ́ẹ̀kan náà. Láìnì kan, ìpè kan: ọmọ kejì lè dá sí ọ̀rọ̀ tó ń lọ, àmọ́ òun náà kò lè pe ẹlòmíràn títí ìyẹn yóò fi parí. Ilé tó ní láìnì méjì nílò ìyá tí wọ́n dìídì ṣe fún láìnì méjì.

Ibi tí ìṣòro ti sábà ń yọ ni ọdún kẹta tàbí ìkẹrin. Ilé iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró lórí irú ọmọ yẹn, èyí tó wà lórí àtẹ nísinsìnyí kò sì bá ìyá àtijọ́ mu. Ẹni tó gbọ́n máa ń wo ìwé ìlò láti mọ nọ́ńbà irú ọmọ tó bá ìyá náà mu, a sì ra ọ̀kan sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ó bá mọ̀ pé ilé ṣì máa fẹ̀.

Ìlànà kan wà tó ń jẹ́ GAP, tó ń jẹ́ kí ọmọ ilé iṣẹ́ kan lè bá ìyá ilé iṣẹ́ mìíràn ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀nba. Fóònù á dún, èèyàn á gbé e, á pè, á gbà. Ìwé nọ́ńbà tí gbogbo ilé jọ ń lò, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ àti pípe yàrá sí yàrá lè má yọjú lórí ọmọ àlejò náà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù DECT 6.0, ilé iṣẹ́ kì í ṣèlérí GAP rárá. Ìlànà mìíràn, CAT-iq, dé lẹ́yìn rẹ̀, òun ló sì mú ohùn tó kún wá: ohùn fóònù àtijọ́ kì í kọjá nǹkan bí 3,400 Hz, tirẹ̀ ń dé 7,000 Hz, débi pé etí lè ya “s” sọ́tọ̀ lára “f”. Àmọ́ ẹni tó wà lódì kejì àti láìnì tó wà láàárín gbọ́dọ̀ gba irú ohùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Fífi ọmọ tuntun han ìyá

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Gbé bátìrì sínú ọmọ, kí o jẹ́ kó ṣájì díẹ̀. Lọ sí ìdí ìyá, kí o tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń wá ọmọ tó sọnù mọ́lẹ̀, kí o má sì tètè gbé ìka kúrò, títí iná ara rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú tàbí tí yóò fi dún. Lára ọmọ, wá ibi ìforúkọsílẹ̀. Ó lè béèrè nọ́ńbà àṣírí. 0000 ni ọ̀pọ̀ ń bá ilé iṣẹ́ jáde. Bí ó bá kọ̀, ohun méjì ló sábà ń fà á: iye ọmọ ti pé, tàbí ìka ti kúrò lórí bọ́tìnì kó tó tó àkókò. Nígbà tó bá gbà, nọ́ńbà tirẹ̀ á yọ lójú rẹ̀, 3 tàbí 4, òun náà sì ni wọ́n á máa fi pè é láti yàrá mìíràn.

Jíjìnnà

Ilé iṣẹ́ a máa sọ pé 300 mítà ní gbangba, 50 mítà nínú ilé. Gbangba tí wọ́n ń wí kò ní ògiri, kò ní igi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Kọnkéré tó ní irin nínú, dígí ńlá àti táǹkì omi máa ń gbé ìgbì mì. Kí wọ́n gbé ìyá sí àárín ilé, síbi tó ga díẹ̀, jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n, ló ń ṣe iṣẹ́ ju owó tí wọ́n bá ná sórí fóònù olówó gọbọi lọ. Bí kò bá tún tó, ripítà wà, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì tó sì ń fọ́n ọn síwájú. Kí a wò ó dáadáa ká tó rà á, nítorí àwọn kan wà tí wọn kì í ṣiṣẹ́ àfi bí a bá pa ìdáàbòbò ọ̀rọ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ìpè, lára ìyá.

Ìdáàbòbò yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2008, àwọn olùwádìí fi hàn ní Berlin pé káàdì kọ̀ǹpútà tí kò wọ́nwó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí DECT tí wọn kò tì pa, àwọn fóònù tí kì í tì í sì pọ̀ lọ́jà nígbà yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fún ìlànà náà ní kọ́kọ́rọ́ tuntun tó dá lórí AES, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ pa lórí kọ̀ǹpútà.

Iná àti láìnì

Fóònù olókùn àtijọ́ ń jẹ iná láti inú láìnì fúnra rẹ̀, nǹkan bí 48 fóòtì, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo ilé bá ṣókùnkùn. Fóònù aláìlókùn kò ní àǹfààní yìí. Bí iná bá lọ, ìyá sùn, ọmọ tí bátìrì rẹ̀ kún kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá kan ní àyè bátìrì, àwọn kan sì ní ọwọ́ fóònù olókùn lára. Ilé tó ní aláìsàn tàbí àgbàlagbà yẹ kó ro ti irú èyí.

Láìnì náà ń yí padà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n ti ń gbé ìpè kúrò lórí wáyà bàbà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì; oṣù kìíní 2027 ni wọ́n dá fún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yìn ráúta, ẹ̀rọ tó ń mú íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, ni wọ́n á wá ti ìyá bọ̀, bí ráúta bá ní ihò fóònù. Àwọn ráúta kan tilẹ̀ ní DECT nínú ara wọn, tí àwọn fúnra wọn jẹ́ ìyá, tí onílé ò ní ju ọmọ lọ láti rà. Iná ráúta náà ti di iná fóònù nìyẹn.

Bátìrì ọmọ sábà máa ń jẹ́ NiMH AAA (bátìrì kékeré tó ń gba ṣájì) méjì, 1.2 fóòtì ìkọ̀ọ̀kan, tó ṣeé rà níbikíbi. Bátìrì lásán tí kì í gba ṣájì kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, torí orí ṣájà ni yóò ti jò. Kí ẹni tí ń rajà sá fún ọmọ tí bátìrì rẹ̀ ní ìrísí tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ń ṣe.

Àwọn nǹkan tó kù

Ìwé nọ́ńbà tó wà lára ìyá sàn ju èyí tó wà lára ọmọ kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Dídí ìpè ẹlẹ́tàn àti gbígba ohùn sílẹ̀ ti wọ́pọ̀. Bluetooth lára àwọn ìyá kan ń jẹ́ kí ìpè fóònù alágbèéká dún lára gbogbo ọmọ. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn nílò ọmọ tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó bá a mu.

Ọmọ tó sọnù tàbí tó ti kú ṣì ń jẹ àyè rẹ̀ lára ìyá. Àfi kí wọ́n wọ inú ètò ìyá lọ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kí òmíràn tó lè gba ipò náà.