Ohùn tí ẹ́ńjìnnì ń mú jáde nígbà tí oògùn bá ń fọ inú rẹ̀

Wọ́n da oògùn ìfọ̀dọ̀tí sínú ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wà á kiri fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí kì í pariwo tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún tẹ́tẹ́tẹ́ lápá òkè. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó ni ọkọ̀ ni pé oògùn ti ba nǹkan jẹ́. Ẹlòmíràn á ní kó fọkàn balẹ̀, pé ariwo yẹn gan-an ni àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Kò yẹ kéèyàn gba èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì láìwádìí. Oògùn kì í dún. Irin tí ọ́ìlì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó, tàbí tí prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì, ìyẹn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì, kò gbé dúró mọ́, ló ń dún, àwọn irin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sì pọ̀. Ariwo òmíràn nínú wọn ṣeé ní sùúrù fún. Ti òmíràn, ìṣẹ́jú mélòó kan péré ti tó láti sọ ẹ́ńjìnnì di pàǹtí.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ni tẹ́lẹ̀. Ooru àti afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ ń bà á jẹ́. Ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń lò ni pé bí ooru ọ́ìlì bá fi 10°C lé sí i, bíbàjẹ́ náà á yára tó ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni èéfín iná tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítínì (irin tí iná epo ń tì lọ tì bọ̀ nínú sílíńdà) kọjá sísàlẹ̀, tó sì ń gbé èérí dúdú, epo tí kò jóná tán àti ooru omi wọnú ọ́ìlì. Omi yìí kì í ṣe kékeré: lítà pẹtiróòlù kan tó bá jóná ń bí omi tó tó nǹkan bíi lítà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù ń bá ẹ́súọ̀sì jáde. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wà ní ìrìn kúkúrú, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í gbóná pẹ́ tó kí omi náà gbẹ, ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ jù, pàápàá bí fáàfù kékeré tó ń fa èéfín inú ẹ́ńjìnnì jáde, tí wọ́n ń pè ní PCV, bá ti dí.

Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń po ohun méjì mọ́ ọ́ìlì tó dára kó lè bá ìdọ̀tí jà. Ọ̀kan ń jẹ́ kí ojú irin mọ́. Ìkejì ń yí ẹyọ ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan ká kó má baà wá dìpọ̀ mọ́ òmíràn, kó lè máa léfòó nínú ọ́ìlì títí wọn yóò fi dà á nù. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì dúdú kì í fi í ṣe ọ́ìlì burúkú ní gbogbo ìgbà. Ó lè jẹ́ ọ́ìlì tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Oògùn inú agolo wá fi agbára kún un ní ọ̀nà méjì. Èyí tó yára, epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá kẹrosíìnì tan ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ń dà á sínú ọ́ìlì àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ dà nù, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ lójú kan láìtẹ tọ́tù (ohun tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́yìn náà ni wọ́n á da gbogbo rẹ̀ nù pátápátá. Èyí tó ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ máa ń wà nínú ọ́ìlì fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, ó ń rọ ìdọ̀tí díẹ̀díẹ̀, títí àkókò pípààrọ̀ ọ́ìlì yóò fi dé. Ẹni tó bá da èyí tó yára sínú ọ́ìlì tó sì gbé ọkọ̀ jáde lọ sí ìrìn àjò ti fi bẹ́rìnnì ẹ́ńjìnnì, ibi tí àwọn irin tó ń yí jókòó lé, sínú ewu gidi, ìwé tó wà lára agolo sì sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Kì í ṣe ìkìlọ̀ ẹnu lásán.

Ariwo tó wọ́pọ̀ jù ni ti tápẹ́ẹ̀tì, ohun tó wà láàárín kámúṣáàfù (ọ̀pá tó ń yí láti ṣí fáàfù) àti fáàfù (ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sílíńdà, tí èéfín sì ń gbà jáde). Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, tápẹ́ẹ̀tì kì í ṣe irin gbọningbọnin. Ife irin kékeré ni, písítínì kékeré wà nínú rẹ̀, sípíríǹgì wà lábẹ́ písítínì náà, ihò kan sì wà tí bọ́ọ̀lù irin tíńtín ń dí. Ọ́ìlì ń gba ihò yẹn wọlé, bọ́ọ̀lù á pa ihò náà dé, ọ́ìlì kò sì ní ibi tí yóò gbà jáde mọ́. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀. Nítorí náà tápẹ́ẹ̀tì á le, bí abẹ́rẹ́ ìgúnni tó kún fún omi tí a wá fi ìka dí ẹnu rẹ̀, kò sì ní sí àlàfo kankan láàárín kámúṣáàfù àti fáàfù. Àyè tó wà láàárín písítínì kékeré yìí àti ife rẹ̀ kò ju ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ. Ìdọ̀tí tí ojú kò lè rí ti tó láti dà á rú.

Nígbà tí oògùn bá ń tú ìdọ̀tí, ohun mẹ́ta ló lè mú tápẹ́ẹ̀tì tó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹyọ ìdọ̀tí kan tó já níbòmíràn lè há sábẹ́ bọ́ọ̀lù náà, kó má lè pa ihò dé, kí ọ́ìlì máa jò padà. Ọ̀dà pupa tó le koko, tí ọ́ìlì tó bàjẹ́ fi sílẹ̀, tó ti gan písítínì kékeré náà mọ́ ojú kan, níbi tó ṣe déédéé pẹ̀lú fáàfù, lè rọ̀ ní apá kan, kí písítínì wá kúrò níbi tó wà láì tíì lè rìn dáadáa. Ẹ̀kẹta ni pé oògùn fúnra rẹ̀ ti mú ọ́ìlì fẹ́lẹ́, ọ́ìlì fẹ́lẹ́ a sì máa yára yọ́ gba àyè tóóró yẹn jáde. Nínú gbogbo rẹ̀, àlàfo ti ṣí, irin ń gbá irin ní gbogbo ìgbà tí kámúṣáàfù bá yí lẹ́ẹ̀kan.

Èyí gan-an ni ariwo tó ṣeé ní sùúrù fún. Bí ọ́ìlì ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá léraléra, tápẹ́ẹ̀tì lè wẹ̀ mọ́ kó sì dákẹ́, nígbà mìíràn lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ lójú títì, nígbà mìíràn ó di ẹ̀yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ ọ́ìlì kí ó tó dákẹ́. Bó bá ń dún nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀, tó ń dákẹ́ tó bá gbóná, tí àkókò tó fi ń dún sì ń kúrú sí i lójoojúmọ́, ìròyìn rere ni. Àmọ́ bó bá ń dún lọ láìdákẹ́ lẹ́yìn tí ọ́ìlì tuntun ti wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojú tápẹ́ẹ̀tì tàbí ti kámúṣáàfù ti jẹ, kò sì sí oògùn tó lè dá irin tó ti jẹ padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì tí tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ irin lásán tí wọ́n ń fọwọ́ tò: ariwo tirẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, àlàfo ni kí wọ́n wọ̀n.

Èyí tó yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù wà nísàlẹ̀, nínú sọ́ǹpù, àwo abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń kó sí. Kí ọ́ìlì tó dé pọ́ǹpù, ó gbọ́dọ̀ gba asẹ́ onírin kan kọjá lẹ́nu páìpù tó ń fà á. Fílítà tí gbogbo èèyàn mọ̀, lẹ́yìn pọ́ǹpù ló wà, kò lè gba asẹ́ yìí sílẹ̀. Bí oògùn bá yára ya gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láṣọ láṣọ, tí kò jẹ́ kó yọ́ di omi, sọ́ǹpù ni yóò já bọ́ sí, pọ́ǹpù á fà á mọ́ ojú asẹ́, ọ̀nà á sì dí. Ọ́ìlì kún sọ́ǹpù, ọ̀pá ìwọ̀n ń fi hàn pé ó pé, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń kú lọ nítorí pé kò rí ọ́ìlì fà. Àmì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti tápẹ́ẹ̀tì kan tó dí. Kì í ṣe ojú kan ló ti ń dún, gbogbo òkè ẹ́ńjìnnì ló ń dún pọ̀. Ó sì máa ń burú sí i bí wọ́n bá tẹ tọ́tù, torí pé bí ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń wá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdọ̀tí ń lẹ̀ mọ́ asẹ́ sí i. Nígbà mìíràn, tí wọ́n bá pa á fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó tún un tàn, ariwo á ti lọ, nítorí pé ìdọ̀tí ti já kúrò lójú asẹ́, lẹ́yìn náà yóò tún padà. Ẹni tó bá rí irú èyí tó ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ṣéènì tó so kíráńkì (ọ̀pá ńlá ìsàlẹ̀ tí àwọn písítínì ń yí) mọ́ kámúṣáàfù náà ní ohùn tirẹ̀: wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì, pàápàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tan ọkọ̀. Prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì ló ń ti irin tó ń fa ṣéènì náà le. Bí ọ́ìlì bá pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀, ṣéènì á máa jó lu ara ilé rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń yí àkókò ṣíṣí fáàfù padà, asẹ́ tíntìntín tún wà lójú ọ̀nà ọ́ìlì, ìdọ̀tí tí oògùn tú sì lè dí ìyẹn náà.

Báwo ni a ṣe ń mọ ariwo òkè yàtọ̀ sí ti kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó so písítínì mọ́ kíráńkì, nísàlẹ̀? Ìyára ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́. Kámúṣáàfù ń yí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, tápẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ní àléébù yóò dún ní ìgbà 400, ìyẹn nǹkan bí ìgbà 6 tàbí 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́rìnnì kọ́nrọ́ọ̀dù ń bá kíráńkì rìn, nítorí náà ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀: gbọ̀gbọ̀gbọ̀ ni, kì í ṣe tẹ́tẹ́tẹ́. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á tún yọ wáyà iná pọ́lọ́ọ̀gì sílíńdà kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ariwo bá rọlẹ̀ nígbà tí sílíńdà kan kò jóná mọ́, kọ́nrọ́ọ̀dù ibẹ̀ ni. Ariwo tápẹ́ẹ̀tì kì í yí padà lórí ìyẹn. Tí wọ́n bá gbọ́ gbọ̀gbọ̀ yìí, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ. Kí wọ́n má wà á délé.

Ó tún dára kéèyàn yọ àwọn ariwo tí kò kan ọ́ìlì sọ́tọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá oògùn lẹ́bi. Ínjẹ́kítọ̀, tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ń dún tíkítíkí nípa iṣẹ́ rẹ̀. Gáásíkẹ́ẹ̀tì ẹ́súọ̀sì tó ti lu ń dún bíi tápẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á sì dákẹ́ tí irin bá gbóná tó sì fẹ̀ dí àlàfo náà.

Iná pupa orí dáṣíbọ́ọ̀dù kò tó gbára lé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kì í tàn àyàfi tí prẹ́ṣọ̀ bá já wálẹ̀ tó nǹkan bí 4 sí 7 psi (ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀), ìyẹn sì ti pẹ́ jù fún bẹ́rìnnì tó bá wà lórí eré. Èyí tó dáa ni kí wọ́n yọ ohun tó ń gbé iná yẹn tàn kúrò lára ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n de géèjì gidi, tó ń wọn prẹ́ṣọ̀, síbẹ̀, kí wọ́n wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Iye tí ìwé ọkọ̀ náà sọ ni kí wọ́n fi wé. Níbi tí ìwé kò bá sí, àwọn mẹkáníìkì máa ń lo 10 psi fún ìyípo 1,000 kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Bí prẹ́ṣọ̀ bá pé tí òkè sì ń dún tẹ́tẹ́, tápẹ́ẹ̀tì ni, ó ṣeé dúró dè. Bí prẹ́ṣọ̀ bá wá sílẹ̀ ju ti àná lọ, kí wọ́n da ọ́ìlì yẹn nù lọ́jọ́ náà, oògùn ìbáà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: ọ́ìlì tó pọ̀ jù. Agolo kan sábà máa ń gba 300 sí 450 mílílítà. Bí ọ́ìlì bá ti kún dé àmì òkè kí wọ́n tó da agolo sí i, kíráńkì lè máa lù ú títí yóò fi hó, ọ́ìlì tó kún fún afẹ́fẹ́ sì ṣeé fún pọ̀, nítorí náà gbogbo tápẹ́ẹ̀tì á máa rọ̀ tí wọ́n á sì máa dún. Ọ̀pá ìwọ̀n ni kí wọ́n kọ́kọ́ fà yọ.

Fún ẹ́ńjìnnì tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ti ki tó ṣeé fi ìka gé, tí èèyàn ń rí i láti ẹnu ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kò yẹ kí wọ́n da oògùn kíákíá sí i rárá. Kí wọ́n ṣí ìdérí òkè, kí wọ́n sọ sọ́ǹpù kalẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ kó o jáde, kí wọ́n sì fọ asẹ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ́ìlì tó dára àti fílítà tuntun, tí wọ́n bá ń pààrọ̀ wọn ṣáájú àkókò, bíi 1,500 kìlómítà, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò fọ ìyókù láìdí ọ̀nà ibì kankan. Bí wọ́n bá sì ti tú páìpù tó ń fa ọ́ìlì, kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà róbótó tó wà lọ́rùn rẹ̀, bí irú ẹ́ńjìnnì náà bá ní in. Rọ́bà yẹn máa ń gan nítorí ooru. Tí kò bá di ọrùn páìpù mú dáadáa mọ́, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì, òkè á sì máa dún nìṣó bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ẹ́ńjìnnì ti mọ́ tónítóní.