Bí Òṣùwọ̀n Bá Ń Falẹ̀ Lẹ́yìn Báńdì Inú

Bí ẹ bá ṣe báńdì inú, ìyẹn òrùka tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ sí àpòlúkù kí ara lè dín kù, tí ọ̀rẹ́ yín sì ṣe èyí tí wọ́n ń gé apá tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù sọnù, ẹ má ṣe gbé òṣùwọ̀n yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo máa ń bá àwọn èèyàn sọ ní kílíníìkì nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ wọn ti sunkún nílé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. "Nọ́ọ̀sì, oṣù 3 rèé, kílò 6 péré ló kúrò lára mi. Lágbájá ti yọ 20." Kò burú, lágbájá yọ 20. Ṣùgbọ́n kílò 6 láàárín oṣù 3 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì kílò lọ́sẹ̀, ìdajì kílò sí kílò 1 lọ́sẹ̀ sì ni báńdì tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ń fúnni. Ìrìn báńdì gan-an nìyẹn.

Gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ Yorùbá ò sì wọ́n láàárín àwọn tó ń wá. Ìlànà NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba (NHS), gbà pé kí wọ́n fi 2.5 dín BMI (ìwọ̀n ara sí gíga èèyàn) tí wọ́n ń béèrè kí èèyàn tó lè ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí kù fún àwa tí ìdílé wa ti Áfíríkà wá, torí àtọ̀gbẹ máa ń mú wa kí a tó sanra tó òyìnbó. Ìlànà yìí kan náà ló ní kí ilé ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ máa tọ́jú èèyàn fún ọdún 2, ó kéré tán. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pé òṣùwọ̀n ò lọ sílẹ̀ mú yín pa ọjọ́ kílíníìkì jẹ. Ọjọ́ tí òṣùwọ̀n ò lọ sílẹ̀ gan-an la fẹ́ rí yín.

Òrùka rọ́bà ni báńdì. Wọ́n á fi yí apá òkè àpòlúkù ká, àpòlúkù náà á wá dà bí akèǹgbè: orí kékeré lókè tí kò gbà ju nǹkan bíi mílílítà 15 sí 30 lọ, ìdí ńlá nísàlẹ̀, ọrùn tóóró láàárín. Lubomyr Kuzmak, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ukraine tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú èyí tí a lè fi omi sí kó fún, tàbí kí a fa omi jáde kó dẹ̀, jáde ní 1986. Ní 1993, Mitiku Belachew, ọmọ Etiópíà tó di oníṣẹ́ abẹ ní Bẹ́ljíọ̀mù, fi í sínú èèyàn láti ojú ihò kéékèèké láìla ikùn gbàgàdà. (Ọmọ Áfíríkà ni. Ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀.) Báńdì ò gé nǹkan kan sọnù, kò sì yí ọ̀nà ìfun padà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí oúnjẹ díẹ̀ dúró lókè fún ìgbà díẹ̀, kí ọpọlọ lè gbọ́ pé a ti jẹun. Bí oúnjẹ ò bá dúró níbẹ̀, báńdì ò rí iṣẹ́ ṣe.

Ìyẹn ló fà á tí àwọn oṣù àkọ́kọ́ fi máa ń da èèyàn lọ́kàn rú. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ fi jẹ oúnjẹ díẹ̀ kí ẹ̀dọ̀ lè súnkì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kílò á máa já bọ́ wìtìwìtì, ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, omi ọbẹ̀ àti oúnjẹ lílọ̀ ni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òṣùwọ̀n ṣì ń lọ sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá wá padà sí oúnjẹ gidi, ebi á dé, òṣùwọ̀n á dúró gbagidi, ó tiẹ̀ lè gùn padà. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òun ti ba iṣẹ́ abẹ jẹ́. Báńdì ọ̀hún ṣì ṣófo ni! Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni a tó ń fi omi àkọ́kọ́ sí i, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì padà wá lẹ́ẹ̀mélòó kan kó tó bọ́ sójú ibi tó yẹ.

Ẹni tó bá wá gba omi á dùbúlẹ̀, á gbé orí sókè díẹ̀ bí ẹni fẹ́ dìde, kí iṣan ikùn lè le, kí ìka mi sì lè rí bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ awọ, èyí tí à ń pè ní pọ́ọ̀tù. Màá nu ibẹ̀, màá gún un ní abẹ́rẹ́ kan tí kì í gé rọ́bà, màá sì rọ omi iyọ̀ sí i, nígbà mìíràn ìdajì mílílítà péré. Lẹ́yìn náà á jókòó, á mu ife omi kan níṣojú mi. Bó bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó di ilé. Bó bá dúró sí i láyà tí ojú rẹ̀ yí padà, màá fa díẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Bí òṣùwọ̀n bá ń falẹ̀, ohun tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀ mí fún ni pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ fún un le sí i." Wọ́n gbà pé báńdì tó bá le jù ni yóò jẹ́ kí wọ́n tètè jò. Irọ́ ni. Báńdì tó le jù máa ń sọ èèyàn di ẹni tí kò lè jẹ ẹja, tí kò lè jẹ ẹ̀wà, tí ẹran àti ẹ̀fọ́ ń há lọ́rùn, ṣùgbọ́n tí áísíkiriìmù, mọ́ọ̀tì, chọ́kọ́léètì àti bisikíìtì tí wọ́n rì sínú tíì ń rọ́nà gbà tẹ́rẹ́rẹ́. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í dúró lókè báńdì rárá, ebi á sì tún dé kíákíá. Mo ti rí ẹni tó ń bì lójoojúmọ́ tó sì ń sanra sí i. Oògùn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kí a fa omi jáde. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ gba owó oṣù wọn. Tí wọ́n bá wá padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ gidi, òṣùwọ̀n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún.

Èyí tó wà nínú ife ló máa ń ṣòro jù láti rí, torí kò sí ẹni tó ka mímu kún jíjẹ. Ọ̀rọ̀ èmi àti màmá kan báyìí:

"Mọ̀mí, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Mi ò tíì jẹun, ọmọ mi. Ògì lásán ni mo mu."

"Kí lẹ fi sí i, mà?"

"Mílíìkì díẹ̀. Ṣúgà náà díẹ̀."

"Lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Ebi ò pa mí. Mo kàn mu mọ́ọ̀tì kan."

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Màmá yìí ò purọ́ fún mi, ẹnu rẹ̀ ò sì kan nǹkan tó ṣeé jẹ látàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó mu lọ́jọ́ kan ti tó oúnjẹ méjì. Nítorí náà, kí ẹ tó wá sọ fún mi pé báńdì ò ṣiṣẹ́, ẹ kọ gbogbo ohun tó gba ẹnu yín kọjá sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: Milo, oje èso, omi ẹlẹ́rìndòdò, ṣíbí epo tí ẹ fi dín ata. Ṣíbí ńlá epo kan ní nǹkan bíi kálórì 120, yálà epo pupa ni o tàbí òróró.

Ọ̀rọ̀ òkèlè wá kù. Ìwé tí ilé ìwòsàn ń fún èèyàn máa ń ní kí ẹ jẹ oúnjẹ lẹ́nu dáadáa, nǹkan bí ìgbà 20, kí ẹ tó gbé e mì. Ẹni tó kọ ọ́ ò jẹ iyán rí. Ta ló ń rún òkèlè lẹ́nu? A ń fi ọbẹ̀ bọ̀ ọ́ ni, a gbé e mì, ó parí. Ohun tí a gbé mì lódidi yìí ni yóò wá dúró sí ẹnu ihò tóóró, á há, itọ́ á máa gùn bọ̀, àyà á máa dunni títí a ó fi bì í. Iyán ló burú jù torí ó ń fà. Ẹ̀bà tí gààrí rẹ̀ ò tíì wú tán náà léwu. Àmàlà tó rọ̀ máa ń lọ fún àwọn kan, tó bá kéré tó èékánná ọmọdé. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ yí abọ́ náà padà: ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹja àti ẹ̀fọ́ tó wà nínú ọbẹ̀, kí òkèlè jẹ́ ìparí, bí àyè bá ṣì wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í sí. Ara nílò tó gíráàmù 60 purotéènì lójúmọ́, ẹyin kan sì ní bíi 6. Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tó sè dénú, ẹja tútù, àti adìyẹ tó rọ̀ nínú ọbẹ̀ kì í bá báńdì jà. Ṣàkì àti pọ̀nmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Búrẹ́dì rírọ̀ máa ń di òṣùṣù nínú ọ̀fun. Ẹ yan án kó gbẹ.

Ẹ lo àwo kékeré. Ẹ má jẹun kọjá nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ẹ má fi omi ti oúnjẹ, ẹ sì dúró fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu ún. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ò sì dára rárá.

Nígbà míì, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti abọ́. Insulin, àwọn oògùn àtọ̀gbẹ bíi gliclazide, oògùn steroid, àti àwọn oògùn ìtọ́jú ọpọlọ bíi mirtazapine àti olanzapine lè mú ara sanra. Ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra yín. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá, kí dókítà wò ó bóyá òmíràn wà, kó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún thyroid, ẹṣẹ́ inú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Ní ti àgbo àti tíì tí wọ́n ń tà fún dídín ikùn kù, èyí tó bá ń yà yín nígbẹ́, omi ló ń yọ lára yín, kì í ṣe ọ̀rá. Bákan náà, kí ẹ tó lo ibuprofen fún orúnkún tó ń dùn yín, ẹ bi wá, torí ó lè fa egbò sí àpòlúkù.

Oṣù kìíní ọdún ni mo máa ń gba ìpè jù, nígbà tí àwọn ìjọ bá ń gba ààwẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí náà ń béèrè nígbà Ràmàdáánì. Ẹni tí kò jẹun látàárọ̀ tó wá fi ìkánjú ṣínu lálẹ́, báńdì á bá a wí. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń bì, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Kò sí èyí tí kò mọ̀ pé ààwẹ̀ aláìsàn yàtọ̀.

Ẹ wọ̀n ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kan náà, ó tó. Ẹ wọn ìbàdí náà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wo ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín. Fún ẹni tó wọ̀n kílò 120, kílò 6 jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ara sì ti ń jàǹfààní láti ibẹ̀ lọ: ìfúnpá lè bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ṣúgà lè máa gbọ́ràn sí oògùn lẹ́nu. Báńdì ṣì ń dín ara kù títí di ọdún 2 sí 3, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rí nígbà yẹn ni bí ìdajì èyí tó lé lórí ìwọ̀n tó yẹ, tàbí kó dín díẹ̀. Bí ẹni kílò 120 yẹn bá yẹ kó jẹ́ 75, kó máa fọkàn sí nǹkan bíi kílò 20, kì í ṣe 45. Bí ọdún bá ń lọ tí gbogbo nǹkan wà létò tí ara ò sì gbà, àwọn oníṣẹ́ abẹ lè yọ báńdì náà, kí wọ́n ṣe òmíràn. Mi ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń jẹ abọ́ ńlá lójijì láìsí ìdènà kankan, omi lè ti máa jò lára báńdì. Ẹ pe kílíníìkì. Bí ẹ bá ń wúkọ́ lóru, tí omi kíkan ń gòkè wá sí ọ̀fun yín, báńdì lè ti le jù tàbí kó ti yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ẹ tètè pè wá. Bí ikùn bá ń dùn yín burúkú, tàbí tí itọ́ gan-an ò lọ mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì, ẹ gba ẹ̀ka pàjáwìrì A&E lọ. Èébì tó bá gba ọjọ́ púpọ̀ lè gbẹ fítámì B1 lára, ìyẹn sì ń ba iṣan àti ọpọlọ jẹ́.

Ẹ̀yin tó ṣe tiyín ní Tọ́kì tàbí níbòmíràn, tàbí tí ẹ fẹ́ lọ sílé fún Kérésì, ẹ tọ́jú ìwé tó sọ orúkọ báńdì, ọjọ́ tí wọ́n fi sí i, mílílítà tó lè gbà àti èyí tó wà nínú rẹ̀ báyìí. Ẹ wádìí ẹni tó lè fa omi jáde ní ìlú tí ẹ ń lọ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ìwé náà bá ti sọnù, ẹ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn tó ṣe é kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù tó.