Ọfọ̀ ìfọwọ́kàn kì í fo ìhámọ́ra

Bí ẹ bá jókòó ta Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí a ń fi dáìsì ta, pẹ̀lú àwọn ọmọ Yorùbá ní Gwarinpa tàbí Kubwa, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan wí pé: "Ṣebí ọwọ́ lásán ni mo fẹ́ fi kàn án, kí ló kan irin tó wọ̀?" Inflict Wounds, ọfọ̀ tí a ń fi ọwọ́ kan ọ̀tá láti pa á lára, ló sábà máa ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Irọ́ ni nínú ìwé òfin 2014 (ẹ̀dà karùn-ún), ó sì léwu gidi fún Cleric (àlùfáà inú eré náà) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Inú ẹ̀dà kẹta ló ti wá, èyí tó jáde ní 2000, àti àtúnṣe rẹ̀ ti 2003. Nígbà yẹn, ọfọ̀ ìfọwọ́kàn kì í ka ìhámọ́ra tàbí asà sí lóòótọ́. Bí ẹ bá tàsé, agbára náà ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè tún gbìyànjú. Ìwé àtijọ́ àti ìwé tuntun jọ wà lórí fóònù wa, òfin wọn sì ti dàrú mọ́ ara wọn. Ẹ̀dà karùn-ún fagi lé méjèèjì.

Nínú ìwé 2014, ẹ óò sún mọ́ ọ̀tá tó ẹsẹ̀ bàtà 5, ẹ óò ju dáìsì olójú 20, ẹ óò sì fi àfikún Wisdom (ọgbọ́n) àti proficiency (ìmọ̀ṣẹ́) yín kún un. Àròpọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ tó AC rẹ̀ (iye ààbò ara rẹ̀), tirin tasà. Bó bá bà á, dáìsì olójú 10 mẹ́ta ni ìpalára rẹ̀. Bó bá tàsé, slot (àyè láti pe ọfọ̀ kan) ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ méjì péré ni Cleric ìpele kìíní ní kó tó sùn.

Ẹ wo hobgoblin, ọ̀kan lára àwọn ọ̀tá inú eré náà. Ó wọ ẹ̀wù irin, ó gbé asà, AC rẹ̀ jẹ́ 18. Pẹ̀lú àfikún 5 (Wisdom 16), 13 sókè lẹ nílò: ojú 8 nínú 20. Ẹni tó bá gbà pé irin kò kàn án yóò lo 11 (AC rẹ̀ láìsí irin àti asà) dípò 18, yóò sì rò pé ojú 15 lòun ní. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń pani. Bẹ́ ẹ bá tàsé, ẹ ṣì dúró níwájú rẹ̀: idà rẹ̀ jẹ́ dáìsì olójú 8 pẹ̀lú 1, bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, dáìsì olójú 6 méjì tún kún un. Gbogbo rẹ̀ máa ń tó bíi 12. Cleric tó ní HP (iye ẹ̀mí) 10 ti ṣubú.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé pípe ọfọ̀ nítòsí ọ̀tá á jẹ́ kó gbá àwọn lójú ẹsẹ̀. Rárá o, kíkúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìlo Disengage (ìgbésẹ̀ ìyọra kúrò nínú ìjà) ló ń fa ìyẹn.

Ìgbà tí ọfọ̀ yìí dùn jù ni ìgbà tí ẹlẹgbẹ́ yín bá ti fi ọfọ̀ Hold Person de ọ̀tá ṣáájú kó tó kàn yín. Ẹ óò ní advantage (ẹ ju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mú èyí tó ga jù), gbogbo èyí tó bá bà á látòsí sì di critical (dáìsì ìpalára di ìlọ́po méjì): dáìsì olójú 10 mẹ́fà. Bí kò bá sí ẹni tó máa dè é, ọfọ̀ Guiding Bolt ni kẹ́ ẹ lò. Dáìsì olójú 6 mẹ́rin ni, láti ẹsẹ̀ bàtà 120.

Ìwé 2024 tún yí i padà: kò sí AC mọ́, ọ̀tá ló ń ju dáìsì Constitution (okun ara) láti fi gba ara rẹ̀. Dáìsì olójú 10 méjì ni, bó bá sì yege, ìdajì ló ń jẹ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi DM (olùdarí eré) yín pé ìwé ọdún wo lẹ fẹ́ lò kẹ́ ẹ tó yan ọfọ̀.