Kí ni wọ́n ń pè ní "ìpele ìsàlẹ̀" lórí kọ́là onírìmóòtù ajá?

Tí ẹ bá sọ fún èèyàn pé bẹ́líìtì kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ajá lọ́rùn, tí iná wà nínú rẹ̀, tí olówó ajá sì ń fi rìmóòtù darí rẹ̀, iná NEPA ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Á ní ṣé ẹ fẹ́ kí iná gbé ajá náà pa ni? Ìbẹ̀rù yẹn nídìí. Nígbà tí irú kọ́là yìí bẹ̀rẹ̀ sí í délé àwọn tó ń fi ajá ṣọdẹ ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, iná inú rẹ̀ le, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè dín in kù lọ títí. Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ajá. Ẹni tó bá ń lò ó bẹ́ẹ̀ lónìí, ìyà ló ń fi jẹ ajá náà, kò sí orúkọ míì.

"Ìpele ìsàlẹ̀" kì í ṣe ìyẹn. Ohun tó túmọ̀ sí ni ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí ajá kan fi lè mọ̀ pé nǹkan kan fọwọ́ kan òun lára. Kì í ṣe nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kọ sára rìmóòtù. Lórí rìmóòtù tó ń ka 0 sí 100, ajá kan ní Bódìjà lè mọ̀ ọ́n lára ní 6, kí ajá ilé kejì má mọ nǹkan kan títí ẹ ó fi dé 14. Ajá kan náà lè nílò 6 ní àárọ̀ tí àdúgbò pa lọ́lọ́, kó má tilẹ̀ mọ̀ pé 6 wà nígbà tí ewúrẹ́ bá ń kọjá níwájú géètì. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kàn fi sí 20, pé 20 ló dáa fún gbogbo ajá, ọ̀rọ̀ náà kò yé onítọ̀hún.

Ohun èlò náà kò ju méjì lọ. Rìmóòtù wà lọ́wọ́ yín. Àpótí pẹlẹbẹ kan, tó tóbi ju páálí ìṣáná lọ díẹ̀, wà lórí bẹ́líìtì ọrùn ajá. Ṣóńṣó irin méjì yọ jáde lára àpótí yìí, àwọn ló ń kan awọ ọrùn. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, iná péńpé láti inú bátìrì á ti ara ṣóńṣó kan bọ́ sí èkejì gba inú awọ ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti lẹ ẹ̀rọ físíò, ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń wo ìrora ara nílé ìwòsàn, mọ́ lẹ́yìn tàbí léjìká rí á mọ bó ṣe máa ń ṣe ara: ní ìpele ìsàlẹ̀ ó dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí awọ, tó bá lọ sókè ó ń ta, tó bá tún lọ sókè sí i ó ń dunni gan-an. Ẹ gbé e sí ọwọ́ ara yín kí ẹ tó gbé e sí ọrùn ajá. Ẹ gbé ṣóńṣó méjèèjì sí inú apá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0, ẹ máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan lé e. Ẹni tí kò bá lè gbà á lára kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ̀ ẹ́ fún ẹranko.

Bọ́tìnnì méjì ló sábà máa ń wà fún iná. Ọ̀kan ń fọwọ́ kan ajá lẹ́ẹ̀kan, wéré. Èkejì ń bá a lọ níwọ̀n ìgbà tí ìka yín bá wà lórí rẹ̀, kó tó fúnra rẹ̀ kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ó má baà pọ̀ jù. Èyí tó ń gbọ̀n bíi fóònù àti èyí tó ń dún wà lára ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbígbọ̀n máa ń rọ̀ ju iná lọ. Ajá púpọ̀ ló máa ń ta gìrì tí àpótí náà bá gbọ̀n, àwọn kan náà tó jẹ́ pé iná ìpele ìsàlẹ̀ kàn máa ń mú wọn gbọn etí lásán.

Kí a tó lọ sí bí wọ́n ṣe ń lò ó, ẹ jẹ́ ká sọ ẹni tí kò nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajá ní Ìbàdàn jẹ́ ajá ọgbà: inú kéèjì ní ọ̀sán, wọ́n á tú u sílẹ̀ lálẹ́ tí wọ́n bá ti ti géètì. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kò nílò kọ́là oníná rárá. Okùn, ẹran sísè, àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ á kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó nílò. Ẹni tó lè ní ìdí láti rò ó ni ẹni tó ní oko lọ́nà Mọ́níyà tàbí Ìdó, tí ajá rẹ̀ ń sáré láìní okùn lọ́rùn, tí títì tí tírélà ń gbà kò sì jìnnà. Àwọn àgbà ní ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ara rẹ̀ ló fi bọ Ògún. Ajá tó wà ní ọgọ́rùn-ún mítà sí yín tó ń lé adìẹ lọ sí ojú títì, kò sí okùn tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àríyànjiyàn wà lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn onímọ̀, ó sì yẹ kí olówó ajá mọ̀. Ilẹ̀ Wales fi òfin de kọ́là oníná ní 2010. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko tó ń rí sí ìwà ẹranko ní Amẹ́ríkà, AVSAB, sọ ní 2021 pé ẹ̀bùn nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ ajá. Ìwádìí kan láti Yunifásítì Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2020, fi ajá 63 wé ara wọn lórí kí ajá máa wá tí wọ́n bá pè é, àwọn tí wọ́n fi ẹ̀bùn kọ́ kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi kọ́là kọ́ rárá. Èrò tiwa ni pé ẹ̀bùn ló yẹ kó ṣáájú fún gbogbo ajá, kó tó oṣù mélòó kan, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kọ́là. Tí ẹ bá sì máa lò ó, ìpele ìsàlẹ̀ nìkan ló yẹ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀.

Ó yá, ọrùn ajá. Ibí yìí ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í fura sí i. Irun ajá ló ń sọ bí ṣóńṣó ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó: nǹkan bíi mìlímítà 16 fún ajá onírun kúkúrú bíi Boerboel, Rottweiler àti ajá ilé tiwa, 19 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún Alsatian àti Caucasian. Ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni àpótí náà máa ń wà, lókè díẹ̀, kì í ṣe lórí gògóńgò. Kí ajá wà ní ìdúró nígbà tí ẹ bá ń dè é, kí ìka kan ṣoṣo sì lè wọ abẹ́ bẹ́líìtì.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí bẹ́líìtì bá dẹ̀. Ẹ tẹ 8, ajá kò mira. Ẹ gbé e sí 12, kò mira. Ẹ rò pé ajá yín lágídí, ẹ gbé e dé 30. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ṣóńṣó kan wà lórí irun, kò kan awọ. Lójijì ajá yí ọrùn, irin méjèèjì kan awọ pa pọ̀, 30 sì wọlé lódindi. Ajá á han, á sá wọ abẹ́ mọ́tò, kò sì ní fẹ́ rí bẹ́líìtì náà mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìwọ̀n tí kò ṣiṣẹ́ rárá, bẹ́líìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà. Nígbà ọyẹ́ tí awọ gbẹ, ẹ fi omi díẹ̀ pa irun tó wà lábẹ́ ṣóńṣó. Kọ́là olówó pọ́ọ́kú tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré kò dáa fún iṣẹ́ yìí, nítorí láti 1 sí 2 rẹ̀ lè jẹ́ láti ohun tí ajá kò mọ̀ lára sí ohun tó ń mú un ké.

Fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ kàn máa dè é mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹ dè é kí ẹ tó gbé oúnjẹ fún un, ẹ dè é kí ẹ tó mú un jáde, ẹ tú u tó bá yá. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ajá á mọ̀ pé bẹ́líìtì yìí ni, á máa gbọ́ràn nígbà tó bá wà lọ́rùn, á sì kẹ̀yìn sí yín nígbà tí kò bá sí. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, okùn tó gùn tó mítà márùn-ún sí mẹ́wàá ni kí ẹ fi kọ́ ọ: ẹ pè é, ẹ fà á díẹ̀, tó bá ti yíjú sí yín kí okùn dẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹran sísè tó tóbi tó hóró ẹ̀wà kan bọ́ sí i lẹ́nu. Ohun tí ajá gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú kí iná tó wọ̀ ọ́ nìyí: tí nǹkan bá fọwọ́ kan ọrùn mi, tí mo bá yíjú sí olówó mi, á dá.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wá ìpele ìsàlẹ̀, ẹ yan àárọ̀ kùtùkùtù, inú ọgbà, tí kò sí ẹni tó ń kan géètì. Ẹ má pe ajá, ẹ má wò ó lójú. Ẹ jẹ́ kó máa gbóòórùn koríko lásán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ fi ẹyọ kan lé e, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Etí ni kí ẹ máa wò. Etí kan á gbọ̀n bíi pé eṣinṣin bà lé e. Tàbí kó ṣẹ́jú. Tàbí kí imú tó wà nílẹ̀ dúró díẹ̀, kó gbé orí, kó wo ẹ̀gbẹ́, bíi pé ó ń bi ara rẹ̀ pé ta ló fọwọ́ kàn mí? Òun nìyẹn. Ẹ dúró níbẹ̀. Àmì náà máa ń kéré débi pé ẹni tó bá ń retí ìfò tàbí igbe á kọjá rẹ̀ láìmọ̀. Tó bá wólẹ̀, tó ki ìrù bọ àárín ẹsẹ̀, tó lá ẹnu léraléra tàbí tó han, ẹ ti kọjá rẹ̀, ẹ padà sísàlẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn náà ẹ so okùn gígùn mọ́ bẹ́líìtì ọrùn míì, kì í ṣe mọ́ ti oníná láéláé, nítorí fífa á mú ṣóńṣó gún awọ. Ẹ fa okùn díẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń bá a lọ nígbà kan náà. Tí ajá bá ti yí ara padà sí yín, àní kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí méjèèjì, ẹ yìn ín, ẹ fún un ní ẹran. Gbígbọ́wọ́ kúrò yìí ló ń kọ́ ajá. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá pẹ́ lórí bọ́tìnnì títí ajá fi dé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bà á jẹ́, nítorí ajá kò mọ èwo nínú ohun tó ṣe ló dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tó, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀, ẹ dúró, kí iná wá nígbà tí kò bá dáhùn nìkan.

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Etí rẹ̀ kò di. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti gbóná, tí awọ rẹ̀ náà kò sì mọ ìfọwọ́kàn tó mọ̀ ní àárọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìpele ìsàlẹ̀ fi ń yí padà. Ẹ lè fi ẹyọ kan tàbí méjì lé e nígbà tí ewúrẹ́ bá wà nítòsí, kí ẹ sì dá a padà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ohun tó dáa jù ni kí ẹ jìnnà sí ewúrẹ́ náà, títí ajá á fi tún mọ 6 rẹ̀ lára.

Ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, aláboyún, ajá tí ẹ̀rù ń bà tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ má dè é mọ́ wọn. Ajá tó ń gbọ́ràn tẹ́lẹ̀ tó wá dẹ́kun lójijì, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà níbẹ̀. Ibà tí eégbọn ń kó ran ajá wọ́pọ̀ níhìn-ín, kò sì sí rìmóòtù tó ń wò ó sàn. Fún ajá tó ń bunijẹ, ewu rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí iná bá kàn án ní àkókò tó ń wo ọmọ kékeré kan, ajá á rò pé ọmọ náà ló ta òun. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ni ọ̀tá rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kí ajá má baà gbó àlejò: ó ń kọ́ ajá láti kórìíra àlejò ni.

Tí ó bá di alẹ́, ẹ tú u. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ti pọ̀ tó, ẹ sì máa sún àpótí náà síwá sẹ́yìn díẹ̀ ní wákàtí kan sí méjì. Egbò tí wọ́n máa ń rí lọ́rùn ajá, tí wọ́n ń pè ní jíjó iná, kì í sábà jẹ́ iná: irin tó tẹ ojú kan náà fún ìgbà pípẹ́ ló dá a. Ẹ ya irun ọrùn rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ gílóòbù, ẹ fi ìka wá awọ ibẹ̀. Tó bá pupa, ẹ gbé kọ́là sílẹ̀ títí á fi jinná pátápátá.