Wáyà àti ìpèsè iná nínú kọ̀ǹpútà súpàkọ́ńdọ́tọ̀

Kọ̀ǹpútà súpàkọ́ńdọ́tọ̀ ni èyí tí ṣíìpù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù tó pọ̀ débi pé iná mànàmáná ń gba inú irin rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà. Niobium ni irin tí wọ́n ń lò jù. Kò ní àǹfààní yìí àfi tó bá tutù ju kelvin 9.2 lọ (kelvin ni ìwọ̀n òtútù tí òdo rẹ̀ jẹ́ òtútù tó le jù, nǹkan bíi -273°C), nítorí náà nǹkan bíi kelvin 4 ni wọ́n sábà ń fi ṣíìpù náà sí. Iná díẹ̀ ni ṣíìpù ọ̀hún ń jẹ. Wáyà tó ń gbé iná bọ̀ láti inú yàrá lásán tí kò tutù ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ooru tó ń bá wáyà wọlé

Irin tó ń gbé iná dáadáa, bíi bàbà, ló ń gbé ooru dáadáa pẹ̀lú. Wiedemann àti Franz, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, ti kíyè sí èyí láti 1853. Bí wáyà bá nípọn, ooru ìta á gba inú rẹ̀ wọlé. Bí ó bá tín-ín-rín, iná tó ń gbé á mú un gbóná. Ìwọ̀n tó dára jù láàárín méjèèjì ṣì ń kó nǹkan bíi wáàtì 47 wọlé fún ẹgbẹ̀rún ámpù kọ̀ọ̀kan, irin yòówù kí wọ́n fi ṣe é, tí kò bá sí ibi tí wọ́n ti ń tù ú lójú ọ̀nà. Wáyà méjì tó ń gbé ámpù 100, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀, á kó wáàtì 9 wọlé. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù kékeré tó ń jẹ iná kìlówáàtì 10 kì í sábà lè kó ju wáàtì 2 kúrò ní kelvin 4.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín ọ̀nà náà sí méjì. Bàbà ló ń gbé iná dé nǹkan bíi kelvin 50, níbi tí ẹ̀rọ ti lágbára láti kó ooru tó pọ̀. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, wọ́n ń lo súpàkọ́ńdọ́tọ̀ seramíìkì, ìran èyí tí àwọn onímọ̀ físíìsì Bednorz àti Müller ṣàwárí ní 1986: kì í gbóná bí iná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í sì í gbé ooru tó bàbà. Ẹ̀rọ LHC, tó ń mú èérún kéékèèké sáré ní ilé ìwádìí CERN nítòsí Geneva, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù fún ọ̀nà yìí: ó ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún, òmíràn nínú wọn sì ń gbé ámpù 13,000.

Ámpù tó ń pọ̀ sí i

Nínú RSFQ, irú sákíìtì súpàkọ́ńdọ́tọ̀ kan tí Likharev, Mukhanov àti Semenov gbé kalẹ̀ ní Mọ́sìkò ní ọdún 1985, ìsopọ̀ Josephson kọ̀ọ̀kan (swíìṣì kékeré tí wọ́n fi súpàkọ́ńdọ́tọ̀ méjì ṣe, tí awọ tín-ín-rín wà láàárín wọn) nílò nǹkan bíi mílíámpù 0.1. Fóltéèjì rẹ̀ kò ju mílífóltì mélòó kan lọ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni gbogbo ìsopọ̀ wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba iná tirẹ̀, nítorí náà ámpù wọn ń ròpọ̀: mílíọ̀nù kan ìsopọ̀ á béèrè tó ámpù 100. Iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tún ní agbára òòfà tó lè da iṣẹ́ àwọn ìsopọ̀ tó wà nítòsí rú.

Ẹ̀yà RSFQ kan tí wọ́n ń pè ní ERSFQ yọ rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dènà iná) tó ń jẹ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú agbára RSFQ kúrò. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni, ṣùgbọ́n kò dín ámpù tí wáyà ń gbé kù. Èyí tó kan wáyà gan-an ni kí wọ́n to apá ṣíìpù tẹ̀lé ara wọn, kí iná kan náà gba inú gbogbo wọn kọjá. Bí apá mẹ́wàá bá tò bẹ́ẹ̀, ámpù 100 di 10. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ iná tirẹ̀ (ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ka fóltéèjì rẹ̀), kí àmì sì máa ti apá kan bọ́ sí èkejì láìsí wáyà tó so wọ́n pọ̀, bíi ti transfọ́mà.

Àwọn sákíìtì mìíràn fi iná tó ń lọ tó ń bọ̀ (AC) rọ́pò èyí tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo (DC): RQL ti ilé-iṣẹ́ Northrop Grumman, àti AQFP tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní Yunifásítì Orílẹ̀-èdè Yokohama ní Japan.

Wáyà àmì àti kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù

Kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù onísúpàkọ́ńdọ́tọ̀ nílò òtútù tó ju èyí lọ, nǹkan bíi kelvin 0.02, níbi tí agbára ẹ̀rọ ti kéré débi pé máíkírówáàtì ni wọ́n fi ń kà á. Wáyà tó wà fún Condor, ṣíìpù kúáńtọ́ọ̀mù ti IBM tó jáde ní 2023 pẹ̀lú kúbíìtì 1,121 (kúbíìtì ni ẹyọ ìṣirò kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù), gùn ju máìlì kan lọ nínú fíríìjì kan ṣoṣo. Ní 2021, àwọn olùṣèwádìí ní NIST, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà, fi okùn gíláàsì tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ darí kúbíìtì, wọ́n sì tún fi ka èsì rẹ̀. Gíláàsì kì í gbé ooru bí irin.